Ìrìn ìkẹyìn Adúmáadán lórí South Circular

Mo fẹ́ mú yín rin ọ̀nà kan lónìí. Ọ̀nà náà kò lẹ́wà, kò sì sí ẹni tó ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń gbé gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó dájú pé ẹ ti jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀ rí. South Circular ni wọ́n ń pè é, A205 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí odò Thames ní Woolwich, ó sì gùn tó nǹkan bí máìlì ogún kó tó dé Chiswick lápá ìwọ̀ oòrùn. Orúkọ ńlá ló ní, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò ju òpópónà àdúgbò lásán lọ, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n wá fi àmì ojú ọ̀nà sí. Ẹnu ọ̀nà ilé àwọn èèyàn ló ń gbà kọjá, àti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé àwọn ọmọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọlidé ni. Èmi, bàbá mi, àti ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, la jọ wà nínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì dúdú kan tó ti wà nínú ẹbí wa fún ọdún 15. Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, £12.50 la ó máa san lójoojúmọ́ tí táyà rẹ̀ bá ti yí lórí títì Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, a ní ká gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ká fi dágbére fún un.

Plumstead: bí ọkọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Plumstead ni ilé àwọn òbí mi, ibẹ̀ la sì ti gbéra. Ọdún 2008 ni Dádì ra ọkọ̀ náà ní £9,400. Ó ti lo ọdún méjì lọ́wọ́ ẹlòmíì, ó sì ti rin máìlì 31,000. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí mi ò fẹ́ polówó fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé irú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ni, tí bọ́ọ̀tù rẹ̀ fẹ̀ bíi yàrá. Estate ni àwọn òyìnbó ń pè é. Dádì kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Stéṣọ̀n wágọ̀n" ni tiwọn, nítorí pé Ìbàdàn ni wọ́n ti dàgbà, Peugeot 504 stéṣọ̀n wágọ̀n sì ni ọkọ̀ iyì lójú ọmọkùnrin ìgbà náà. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, òun ló sì ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Dádì ní ẹni tó bá ti jókòó síwájú nínú rẹ̀, ó ti di ọ̀gá nìyẹn, kódà bí kò bá ní kọ́bọ̀ lápò.

Mọ́mì ló sọ ọkọ̀ wa ní Adúmáadán, torí bó ṣe ń dán lọ́jọ́ tí Dádì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ tán lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Adúmáadán ló gbé kúlà jọlọ́ọ̀fù mẹ́rin lọ sí gbogbo ìnáwó tí ẹ lè rò. Òun ló gbé èmi àti mátírẹ́ẹ̀sì mi lọ sí yunifásítì ní Manchester. Ó gbé ìlù, ó gbé iṣu, ó gbé òkú àga tí Mọ́mì ní àwọn máa tún ṣe, tí wọn ò tún ṣe títí dòní. Lọ́dún 2017, òun ló gbé ọmọ mi jáde láti ilé ìwòsàn tí wọ́n bí i sí. Èmi ni mo wa ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì kọjá máìlì 20 láàárín wákàtí kan.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì. Dádì máa ń dáhùn pé ìjọba ló ní kí àwọn rà á, ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí òótọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2001, ìjọba Britain bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye gáàsì carbon dioxide tó ń jáde lára ọkọ̀ tuntun kí wọ́n tó bu owó orí lé e. Gáàsì yìí ló ń mú kí ayé gbóná. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì máa ń rìn jìnnà ju ti pẹtiróòlù lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan, nítorí náà gáàsì yẹn kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀, owó orí rẹ̀ sì máa ń kéré. Làwọn èèyàn bá ya lọ rà á. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 2012, nínú ọkọ̀ tuntun méjì tí wọ́n bá tà nílẹ̀ yìí, ọ̀kan jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ń fẹ́ ọkọ̀ tó gba ẹrù tí kò sì ń jẹ epo, kí lẹ fẹ́ kó rà?

Ọdún 2016 ni Dádì kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, tí ọkọ̀ bọ́ sí orúkọ mi. Sọ́fútíwià ni mò ń kọ jẹun, nítorí náà ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo la tábìlì kan sórí kọ̀ǹpútà, mo ń kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe sí ọkọ̀ náà síbẹ̀. Bọ̀dá kan láti Ìjẹ̀bú Òde, tó ní ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ afárá rélùwéè, ni mẹkáníìkì wa. Òun ló kọ́ mi pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Afẹ́fẹ́ ló máa ń tẹ̀ mọ́ra gidigidi títí afẹ́fẹ́ náà á fi gbóná janjan, tí epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lágbára, ìdí nìyẹn náà tó fi máa ń dún bí ẹni ń gún ata tí wọ́n bá ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ òtútù. A ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo máìlì 10,000. A pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, torí bí bẹ́líìtì yẹn bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́dún 2019, kọ́lọ́ọ̀ṣì kú, £1,100 ló sì gbà lọ́wọ́ mi. Bọ̀dá náà wò mí lójú, ó ní, "Dísẹ́ẹ̀lì dà bí àgbàlagbà. Tó o bá ń bọ́ ọ lásìkò, tó o sì ń jẹ́ kó na ẹsẹ̀ dáadáa, á bá ẹ kalẹ́."

Ó bá wa kalẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, ó ti rin máìlì 218,000.

Woolwich: ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀

Dádì ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀nà gan-an, ká má fò ó. A bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé mọ́tò sọdá lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1889. "Ohun ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo tó kù ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn," Dádì wí. A yí orí ọkọ̀ padà, ìrìn sì bẹ̀rẹ̀.

Mo ní láti sọ ohun kan fún yín nípa inú ọkọ̀ yìí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Yorùbá. Wọ́n sọ ọ́ sí wa nílé nígbà tí a wà ní kékeré, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú yín, àwa ń fi gẹ̀ẹ́sì dáhùn, nígbà tó yá wọ́n jọ̀wọ́ wa jẹ́ẹ́. Ọmọ ọdún 25 ni mí kí n tó ra ìwé, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fúnra mi. Ìwé kọ́ mi ní àmì ohùn, ṣùgbọ́n mi ò lè la ẹnu. Tí mo bá sọ gbólóhùn kan nílé, àwọn àbúrò mi á rẹ́rìn-ín, Mọ́mì á tún un ṣe, ọ̀rọ̀ á tán. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló yàtọ̀, tí èmi àti Dádì bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Old Kent Road. Nínú ọkọ̀, ojú kì í ko ojú. Ọ̀nà ni Dádì ń wò, ọ̀nà ni èmi náà ń wò. Tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kò sí ẹni tó ń wo ẹnu mi. "Yà sọ́wọ́ òsì." "Rọra, ọmọdé fẹ́ sọdá." "Iná ti pọ́n, dúró." Àwọn gbólóhùn tó kọ́kọ́ yọ̀ lẹ́nu mi nìyẹn, gbólóhùn awakọ̀. Títí dòní, tí mo bá ń lá àlá ní Yorùbá, sítíárìn máa ń wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo ṣe fún ọmọ tèmi náà nìyẹn. Tí mo bá ti tì í mọ́ àga rẹ̀ lẹ́yìn, gẹ̀ẹ́sì ti parí. "Ṣé o ti de bẹ́líìtì rẹ?" "Kí lo rí lápá ọ̀tún?" "Mọ́tò pupa mélòó ló ti kọjá?" Ẹ gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀yin òbí. Ọmọ kò lè sá lọ, ẹ̀yin náà kò sì lè mú fóònù.

Eltham: ibi tí Dádì ti ń yí rédíò wálẹ̀

Láti Woolwich, ọ̀nà náà gun òkè kọjá lára Woolwich Common, ó sì já sí Well Hall Road ní Eltham. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé tí a bá ti dé ibẹ̀, Dádì á na ọwọ́, wọ́n á yí rédíò wálẹ̀. Wọn kì í sọ ìdí rẹ̀. Èmi ni mo dàgbà tí mo wá mọ̀ ọ́n. Òpópónà yẹn ni wọ́n ti gún Stephen Lawrence pa ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1993, níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 18 ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 19 kí ilé ẹjọ́ tó dá ẹni méjì lẹ́bi ikú rẹ̀, lọ́dún 2012.

Mọ́mì sọ fún mi pé láti ọdún tí ìyẹn ṣẹlẹ̀ ni Dádì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ gbé wa lọ gbé wa bọ̀, bó ti wù kó rẹ̀ wọ́n tó lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Ilé ìwé, bọ́ọ̀lù, ilé ọ̀rẹ́, òde àríyá, kò sí ibi tí wọn kò ní dúró dè wá, pẹ̀lú iná ọkọ̀ ní títàn. Ojú máa ń tì wá nígbà yẹn. Adúmáadán kọ́ ni ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, ṣùgbọ́n òun ló ṣe é pẹ́ jù. Nítorí náà ẹ má rò pé ọkọ̀ lásán ni lójú bàbá mi. Ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọmọ wọn ni.

Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e yìí fi ṣòro láti sọ fún wọn.

Catford: ìlà tó gba iwájú ilé wa

Catford ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ní apá gúúsù South Circular. Ère ológbò dúdú ńlá kan wà níbẹ̀ lókè ẹnu ọ̀nà ọjà, ọmọ mi kì í sì kọjá kó má kí i. "Ológbò, ẹ kú ọ̀sán o." Ó ní ó tóbi ju ẹni tí a lè sọ "o" fún.

Ọdún 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní ULEZ láàárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ ju òṣùwọ̀n lọ á san £12.50 lójúmọ́, lọ́sàn-án lóru, lójoojúmọ́ ọdún, àyàfi ọjọ́ Kérésìmesì. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2021, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé South Circular. Wọn ò ka ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ nígbà náà, tí ẹ bá ti yà sí apá àríwá rẹ̀ báyìí, ẹ ti wọlé. Ọkọ̀ pẹtiróòlù tó ti ń jáde láti nǹkan bí ọdún 2006 máa ń yege. Ti dísẹ́ẹ̀lì ní láti dé òṣùwọ̀n Euro 6, ọ̀pọ̀ nínú irú wọn kò sì jáde ṣáájú oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Ọdún 2006 ni wọ́n ṣe tiwa.

Ilé wa wà lóde ìlà nígbà náà, Rye Lane ní Peckham wà nínú. Ata rodo £2 di £14.50. Old Kent Road náà wà nínú. Mo ṣírò rẹ̀ sínú tábìlì mi: Ọjọ́ Ìsinmi 52 nínú ọdún, £650, kí ènìyàn tó fi owó sínú igbá ọrẹ. Inú bí mi. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìjọba kan náà tó ní ká ra dísẹ́ẹ̀lì ló tún fẹ́ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa nítorí pé a rà á.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè mí dáadáa lóru ọjọ́ kan. Egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé ń jáde. A gbé e dé ilé ìwòsàn, nínú Adúmáadán náà ni. Ikọ́ fée ni wọ́n pè é, wọ́n sì fún un ní páńpù búlúù tó ń fà símú. Nọ́ọ̀sì kan ń kọ nǹkan sílẹ̀, ó bi mí bí ẹni bèèrè ọjọ́ orí pé, "Ṣé ẹ̀bá ọ̀nà ńlá lẹ ń gbé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rántí gbogbo àárọ̀ tí mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ láìpa ẹ́ńjìnnì, kí inú ọkọ̀ lè móoru fún un. Inú móoru. Ìta ń kọ́?

Mo wá lọ kà nípa rẹ̀. Ooru gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí bọ̀dá mẹkáníìkì ṣàlàyé fún mi, òun náà ló ń mú kí nitrogen àti oxygen inú afẹ́fẹ́ para pọ̀ di gáàsì mìíràn, nitrogen dioxide, tó máa ń ta ẹ̀dọ̀fóró. Eruku dúdú kíńkínní tún ń bá a jáde, tó kéré débi pé kò sí imú tó lè dá a dúró. Carbon dioxide nìkan ni owó orí ọdún 2001 wò. Ó wo ojú ọ̀run, kò wo ojú títì, níbi tí imú ọmọ ọdún mẹ́rin ti bá sàlẹ́ńsà ọkọ̀ dọ́gba.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 sì rèé, àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé Volkswagen fi sọ́fútíwià sínú àwọn ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan, èyí tó máa ń mọ̀ bí wọ́n bá ń yẹ ọkọ̀ wò, tí á dín èéfín kù nígbà yẹn nìkan. Ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 ni káàkiri ayé. Tiwa ti jáde kí wọ́n tó ṣe àwọn yẹn, àmọ́ ìròyìn náà dùn mí lọ́nà mìíràn, nítorí ẹnì kan bíi tèmi ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó kọ kóòdù yẹn. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ títí, yóò rú.

Ọmọ kan wà tí mi ò lè sọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí kí n má dárúkọ rẹ̀. Ella Adoo-Kissi-Debrah ni. Lewisham níbí ló gbé, ilé wọn kò jìnnà rárá sí South Circular. Ikọ́ fée tó le gan-an ló ń bá a jà, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 2013, lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ̀, Rosamund, kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tó ń wádìí ohun tó fa ikú sọ pé èérí inú afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó pa á. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Britain tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀.

Mi ò lè sọ fún yín pé Adúmáadán ló fún ọmọ mi ní ikọ́ fée. Kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè ṣí i láàárọ̀ kí n má wo ẹ̀yìn, kí n wo ohun tó ń jáde níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Dádì pé mo fẹ́ gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀, wọn ò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọkọ̀ tó gbé ọ dàgbà yìí?"

Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nítorí ọmọ ni."

Wọ́n ní, "Nítorí ọmọ náà ni mo ṣe rà á."

Mi ò rí èsì fọ̀. A ò sọ ọ́ mọ́ fún oṣù bíi mélòó kan. Ọkọ̀ ń lọ, a ń san £12.50 tó bá di dandan, a sì ń yà fún ìlà bí ẹni ń yà fún kòtò.

Ohun tó yí Dádì lọ́kàn padà kì í ṣe tábìlì mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọmọ mi sùn sí Plumstead, ikọ́ náà sì gbé e dìde lóru. Dádì ni wọ́n gbé páńpù náà sí i lẹ́nu, tí wọ́n ń bá a ka èémí rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, títí dé ẹ̀wá, kí wọ́n tó tún tẹ̀ ẹ́. Títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́ ni wọ́n ń kà á. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, wọ́n wà lórí àga níbẹ̀, ọmọ ti sùn lọ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọn ò kí mi káàárọ̀. Wọ́n ní, "£2,000 tí wọ́n ní àwọn ń fún èèyàn lórí ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á?"

Forest Hill: ohun tó ń padà sílé àti ohun tí kò lè padà

Láti Catford, a gba Stanstead Road dé Forest Hill. Ibẹ̀ ni Horniman Museum wà, lórí òkè, ní etí South Circular gan-an, pẹ̀lú ilé gogoro aláago rẹ̀. Ọdún 1901 ni Frederick Horniman, oníṣòwò tíì, ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Tí ẹ bá ní ọmọ kékeré, ẹ mú wọn lọ. Ẹran òkun ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní walrus. Àwọn tó ki nǹkan sínú awọ rẹ̀ láyé àtijọ́ kò rí irú rẹ̀ láàyè rí, wọn ò mọ̀ pé awọ rẹ̀ máa ń ká jọ, ni wọ́n bá kì í títí ó fi wú bíi bọ́ọ̀lù.

A dúró díẹ̀ lọ́gbà, Dádì sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ibí yìí wà lára ilé tó ní àwọn ohun tí ọmọ ogun Britain kó ní ìlú Benin lọ́dún 1897. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé náà fi ẹ̀tọ́ ohun 72 lé Nàìjíríà lọ́wọ́ padà. Ọmọ mi gbọ́ ọ, ó ronú, ó wá ní, "Bàbá àgbà, ṣé Adúmáadán náà máa padà sí Nàìjíríà?"

Dádì rẹ́rìn-ín, torí ohun tó wà lọ́kàn tiwọn náà nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń sọ pé tó bá parí iṣẹ́ níbí, á di tòkunbọ̀, wọ́n á máa fi lọ sí oko ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Dádì ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, nígbà tí Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì tí àwọn òyìnbó kọ́ ọ sílẹ̀, tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní bàbá àwọn di ọwọ́ àwọn mú lójú títì lọ́jọ́ yẹn, ó ń ní, "Òsì ni kó o kọ́kọ́ wò, òsì!" Láti ìgbà náà, ọkọ̀ oníwọ̀ọ́ Lọ́ńdọ̀nù kò bá ọ̀nà ilé mu mọ́. Ká gbé sítíárìn rẹ̀ lọ sápá kejì, owó rẹ̀ á ju owó ọkọ̀ lọ.

Mo tún sọ èrò tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ ba ìtàn náà jẹ́. Mo ní, "Dádì, ká tiẹ̀ ní ó ṣeé gbé lọ, èéfín tí a ò fẹ́ kí ọmọ wa fà símú níbí, ọmọ ta ni yóò máa fà á símú ní Ìbàdàn?"

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe máa ń gbé e lé orí wa. Wọ́n ní, "Ó ti tó. Ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Ọmọ mi ní, "Ṣé ó máa kú ni?"

Dádì ní, "Irin kì í kú. Wọ́n á yọ́ ọ, á di nǹkan mìíràn."

A yí padà níbẹ̀. A ò dé Chiswick. Nígbà tí a padà dé Plumstead, Dádì fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọṣẹ àti kànrìnkàn, tinú tòde, bí ẹni ń wẹ ọkọ ìyàwó. Mo ní ṣebí wọ́n máa run ún ni. Wọ́n ní a kì í ran àlejò jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí lára.

Lẹ́yìn rẹ̀

Wọ́n gbé Adúmáadán lọ ní oṣù kẹwàá. Mo ka iṣẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì mi kí n tó pa á dé: máìlì 187,000 lọ́wọ́ wa, nǹkan bíi lítà dísẹ́ẹ̀lì 17,000. Lítà kan máa ń di bíi kílógíráàmù 2.6 carbon dioxide, nítorí náà bíi tọ́ọ̀nù 44 ló gòkè lọ. Mo kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dá wa sójú ọ̀nà láàárín ọdún 15. Òótọ́ ni méjèèjì.

£2,000 tí wọ́n fún wa, a fi owó díẹ̀ lé e, a fi ra mọ́tò pẹtiróòlù kékeré kan. Kúlà jọlọ́ọ̀fù kan ṣoṣo ló gbà. Tí ìnáwó bá dé, a máa ń yá fáànù. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ikọ́ ọmọ mi ti lọ. Páńpù búlúù ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mò ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé mọ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń dún.

Ní ti Dádì, wọ́n pé ẹni ọgọ́ta ọdún lọ́dún 2023, ìyẹn ni pé ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì fún wọn ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Mo rò pé ojú á tì wọ́n láti máa wọ̀ ọ́. Rárá o. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì wá sí Catford, wọ́n á mú ọmọ mi, àwọn méjèèjì á gun òkè bọ́ọ̀sì, wọ́n á jókòó síwájú pátápátá, níbi tí ojú títì ti hàn kedere. Mo bá wọn lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí.

Mò ń gbọ́ wọn.

"Kí lo rí lápá òsì?"

"Ológbò."

"Kí i."

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ológbò. A ò rí Adúmáadán mọ́. A ti wọ bọ́ọ̀sì."